Àwọn Ìkarahun Tí Wọ́n Ní Kí N Fi Ebi Pa

Èmi aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù mi kángun sí ẹ̀yìnkùlé Bàbá ni mò ń kọ lẹ́tà yìí. Bàbá ló ń sọ ọ́, èmi kàn ń fi kálàmù tẹ̀lé ẹnu wọn ni. Wọn kò lọ sí ilé ìwé. Wọ́n ní ọmọ àgbẹ̀ ni àwọn, oko ni bàbá àwọn fi ṣe ilé ìwé. Ọmọ wọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan nínú ìlú ló pè wọ́n lórí fóònù lánàá. Ó ní kí wọ́n sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìkarahun, ẹran omi tó ń gbé láàárín èèpo méjì, tí wọ́n ń tà fún òtẹ́ẹ̀lì náà, láti orí dé ìdí, kí wọ́n má fi nǹkan kan pamọ́, kí wọ́n tẹ àtàǹpàkò sí i, kí ẹlẹ́rìí méjì wà níbẹ̀, kí lẹ́tà náà sì tẹ òun lọ́wọ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Mo bi wọ́n bóyá kí n rọ ọ̀rọ̀ wọn díẹ̀ níbi tó bá ti le jù. Wọ́n ní bí mo bá yọ ìbínú kan ṣoṣo kúrò nínú rẹ̀, àwọn á kó ṣòkòtò tí mò ń rán fún àwọn lọ sọ́dọ̀ aránṣọ mìíràn. Nítorí náà, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyí.

Ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé ọkọ rẹ ń bẹ, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí etí mi kò ní lè gbà. Àwa náà wà níbí, a kò febi sùn, orúnkún ìyá rẹ ti sàn díẹ̀, adìẹ aláwọ̀ eérú tó sọnù ti padà wálé fúnra rẹ̀, kò sì sọ ibi tó lọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti kí ọ tán. Ní báyìí mo fẹ́ bínú.

Inú ń bí mi sí obìnrin aláṣọ funfun, òṣìṣẹ́ ìlera tó ń wá yẹ táǹkì wò. Inú ń bí mi sí ọ̀gá alásè rẹ. Inú ń bí mi sí ìwọ náà, nítorí ìwọ lo gbé táǹkì wọ ilé mi. Àwọn tí inú kò bí mi sí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ìkarahun nìkan, nítorí wọ́n pa ẹnu wọn dé láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, ohun tó sì yẹ kí gbogbo yín ṣe nìyẹn.

O ní ọ̀gá alásè ti ní kí o lọ jókòó sílé títí di ọjọ́ Ẹtì. O ní ó sọ ọ́ lójú gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ pé ìkarahun tí èsì àyẹ̀wò rẹ̀ rí báyìí kò lè ti inú omi wa wá, pé abẹ́ afárá ni a ti lọ kó o, níbi tí wọ́n gbé pátákó sí pé kí ẹnikẹ́ni má kó nǹkan, tí ìwọ sì fi orúkọ rẹ bò ó mọ́lẹ̀. Abẹ́ afárá! Èmi! Ibi tí ẹ̀gbin gbogbo ilé ń ṣàn sí! Nígbà tí ọwọ́ mi le, tí mo lè dá kó gbogbo abẹ́ afárá náà láàárọ̀ kan, mi ò lọ. Ṣé ìgbà tí ẹ̀yìn mi ti tẹ̀ ni n óò wá lọ? Sọ fún ọ̀gá alásè pé ẹni tó bá pe ọmọ mi ní olè, èmi àti òun á jọ wo ojú ara wa. Tí o bá rò pé iṣẹ́ rẹ lè bọ́, má sọ ọ́. Ṣùgbọ́n máa rò ó nínú rẹ nígbà tí o bá ń kí i.

Ó dára, láti orí dé ìdí ni o ní. Bí omi bá ti fà sẹ́yìn, èmi àti ìyá rẹ máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sórí ẹrẹ̀ wa, ibi kan náà tí o mọ̀ láti kékeré, láti ìdí igi tó tẹ̀ dé ibi òkúta pẹlẹbẹ. Ọwọ́ la fi ń kó o, a kì í fi ọkọ́ wú u, kí ìkarahun má baà sán. Tí a bá délé, a ó fọ ẹrẹ̀ ara wọn, ìyá rẹ á wá jókòó lórí àpótí, á máa kan wọ́n lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá la ẹnu, tí a kàn án tí kò pa á dé, ó ti kú nìyẹn, a ó sọ ọ́ nù. Èyí tó bá sán, a ó sọ ọ́ nù. Ogójì ọdún la ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ kí táǹkì kankan tó dé ilé yìí. Òun ló rán ọ lọ sí ilé ìwé, tí o fi mọ ìwé, tí o fi lè wá sọ fún mi pé ohun tí mò ń tà dọ̀tí.

Lẹ́yìn náà ni o gbé táǹkì dé. O ní òtẹ́ẹ̀lì fẹ́ máa ra ọjà wa, ṣùgbọ́n ìkarahun máa ń mu omi bí ọ̀mùtí ṣe ń mu ọtí, gbogbo ohun tó bá wà nínú omi náà ló ń wà ní ikùn rẹ̀. O ní tí a bá fi í sínú omi iyọ̀ tó mọ́ fún ọjọ́ méjì, tí a kò fún un ní nǹkan kan, á tu gbogbo ìdọ̀tí inú rẹ̀ jáde, inú kò sì ní run ẹni tó bá jẹ ẹ́. Mo gbọ́. Mi ò dití. Dókítà Pọ́ǹpù ló wá tò ó pọ̀ fún wa, ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe, tó máa ń gbé etí lé ara pọ́ǹpù bí ẹni tó ń gbọ́ àyà aláìsàn. Inú yàrá tí ìwọ ń sùn tẹ́lẹ̀ ló gbé táǹkì náà sí. Ó fa rọ́bà wọlé láti ojú fèrèsé, pọ́ǹpù ń fa omi yípo, omi náà á gba inú páìpù kan kọjá níbi tí iná elésè àlùkò kan wà. A ó to ìkarahun sínú agbọ̀n oníhò, ìpele kan ṣoṣo, kí ìdí agbọ̀n má kan ìsàlẹ̀ táǹkì, kí wọ́n má baà tún mu ohun tí wọ́n tu jáde. Èyí yé mi. Ènìyàn kì í sùn sínú èébì ara rẹ̀.

Ohun tí kò yé mi ni ebi. Ọjọ́ méjì gbáko! Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Bàbá mi kọ́ mi pé ohun tí ènìyàn bá fẹ́ tà, bíbọ́ là ń bọ́ ọ. Ṣé o ti rí ẹni tó ń fi ebi pa ewúrẹ́ fún ọjọ́ méjì kó tó fà á lọ sọ́jà, kí oníbàárà wá máa ka eegun ìhà rẹ̀? Nígbà tí mo sọ èyí fún ọ lórí fóònù, ẹ̀rín lo rín. O ní kí n ṣá ṣe é bí wọ́n ṣe ní kí á ṣe é. Ta ni wọ́n? Níbo ni wọ́n wà ní ọdún tí ìjì gbé gbogbo agbọ̀n wa lọ?

Iná náà ńkọ́? O ní ó ń pa kòkòrò tí ojú kò lè rí. Mo jókòó tì í ní ọ̀sán odindi kan, mò ń ṣọ́ ọ. Yànmùyánmú kan bà lé orí páìpù náà, ó nu ẹsẹ̀, ó sinmi, ó fò lọ. Iná tí kò rí yànmùyánmú tí gbogbo wa ń rí pa, èwo ni yóò pa nínú èyí tí a kò rí? Síbẹ̀, nítorí pé ìwọ lo ní kí n máa tàn án, mò ń tàn án. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ni mò ń tàn án. Ní ọ̀sán, mo máa ń pa á kó sinmi. Ta ló ń tan iná lọ́sàn-án? Oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé, kò sì ní kí á ra gílóòbù fún òun.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù náà tún wà níbẹ̀. Obìnrin aláṣọ funfun mú un wá, ó béèrè ọjọ́ tí táǹkì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ní táǹkì kì í ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń ṣiṣẹ́. Ó béèrè ẹni tí wọ́n máa bi léèrè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Mo ní kò sí ẹni tó ṣẹ̀ nínú ilé yìí, kí ló dé tí wọ́n fi ti ń wá ẹni tí wọ́n máa mú sílẹ̀? Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé kí n ṣáà tẹ àtàǹpàkò síbẹ̀. Mo ní kò sí ohun tó máa mú mi tẹ̀ ẹ́. O mọ̀ pé n kì í tẹ̀ ẹ́. Báńkì pàápàá gbé ẹ̀rọ kékeré kan sí mi níwájú pé kí n fi ìka tọ́ ọ, mo bi wọ́n pé kí ni ẹ̀rọ náà fẹ́ fi ìka mi ṣe, mo sì gbé agolo owó mi padà wálé. Bí ìwọ náà ṣe rí i pé ilẹ̀ fẹ́ ṣú lé wa lórí ni o fa báírò yọ, o kọ orúkọ tìrẹ. Ìyá rẹ wò mí nígbà náà. Mo rò pé eruku ló rí lójú mi.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, aláṣọ funfun tún dé. Ó mú ìkarahun méjìlá ní etí omi wa, ó mú méjìlá nínú táǹkì, ó kó wọn sínú ọ̀rá pẹ̀lú yìnyín. Mo rò pé ó fẹ́ lọ sè é ni, mo ní kó má gbàgbé iyọ̀. Ó ní rárá, pé wọ́n máa lọ̀ wọ́n, wọ́n á dà wọ́n sínú àwo pẹlẹbẹ, wọ́n á wá máa ka kòkòrò inú wọn. Ka kòkòrò! Mo bi í pé ọmọ ta ni wọ́n fi sídìí iṣẹ́ yẹn, àti pé ṣé ìyá ọmọ náà mọ̀.

Ó padà wá pẹ̀lú ìwé. Ó ní àwọn ti etí omi, ìdọ̀tí inú wọn kò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ọjọ́ méjì nínú omi tó mọ́ tó láti mú un kúrò. Ṣùgbọ́n àwọn ti inú táǹkì, tó yẹ kó ti mọ́, ó ní òun kò tíì rí irú rẹ̀ láti ìgbà tí òun ti ń wọ aṣọ funfun. Ó ní ìgbẹ́ ló wà nínú wọn. Ìgbẹ́! Ojú ọ̀nà ló ti sọ ọ́, níwájú ilé mi, tí aránṣọ yìí ń gbọ́, tí oníbúrẹ́dì dúró ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀ bí ìkarahun tó kú. Ó ní kò sí bí nǹkan ṣe lè wọ inú táǹkì ní mímọ́ kó jáde ní ìdọ̀tí, nítorí náà àwọn tí a kó sínú táǹkì kì í ṣe àwọn tí a kó ní etí omi wa, a ti ibòmíràn kó wọn wá ni. Ó fi téèpù pupa di ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ. Yàrá tí mo fi ọwọ́ ara mi kùn ní ọdún tí a bí ọ!

Ibi tó wá ń dùn mí jù ni pé kò sí ẹni tó tọ́jú ìkarahun láyé yìí tó bí mo ṣe tọ́jú àwọn yẹn. Nítorí mi ò fi ebi pa wọ́n. Jẹ́ kí ọ̀gá alásè gbọ́ ọ. Mi ò lè ṣe é. Ọjọ́ kìíní tí a kó wọn sí i, mo dúró ti táǹkì, mo rí bí wọ́n ṣe ń la ẹnu díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń wá nǹkan jẹ nínú omi tí kò ní nǹkan kan nínú. Àánú wọn ṣe mí. Mo bá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo bu ajílẹ̀ adìẹ, èyí tó ti jinná dáadáa, tó ti dúdú, tí kò rùn mọ́, irú èyí tí bàbá mi máa ń kó sídìí ẹ̀fọ́ tí ewé fi ń fẹ̀ bí etí erin. Mi ò kàn dà á sínú omi bí ẹni tí kò mọ iṣẹ́. Mo dì í sínú ìbọ̀sẹ̀ dúdú mi kan, mo so ó lẹ́nu, mo sì fi í rọ̀ sínú táǹkì lẹ́yìn páìpù bí ènìyàn ṣe ń ki ewé tíì bọ omi gbígbóná. Omi náà pọ́n díẹ̀, ó dà bíi tíì lóòótọ́. Gbogbo àwọn ìkarahun la ẹnu. Mo rí i pé inú wọn dùn. Ìgbàkígbà tí a bá kó tuntun sí i ni mò ń pààrọ̀ ti inú ìbọ̀sẹ̀.

Kí o má sì sọ pé mo fi í pamọ́ fún ọ. Ní ìrọ̀lẹ́ tí o bá pè, tí o ní kí n gbé ojú fóònù kọ táǹkì kí o lè wò ó, màá kọ́kọ́ yọ ìbọ̀sẹ̀ náà, màá gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, màá dé fìlà mi, kí n tó dáhùn. Mi ò mọ ẹni tó jókòó tì ọ́ nínú fóònù yẹn. Ihò ńlá wà níwájú ìbọ̀sẹ̀ ọ̀hún. Ṣé kí àwọn ará òtẹ́ẹ̀lì máa wo ihò ìbọ̀sẹ̀ bàbá rẹ? O bi mí lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé tí omi pọ́n, mo ní oòrùn ìrọ̀lẹ́ ni. Oòrùn sì wà níta lóòótọ́.

Bí mo ṣe sọ̀rọ̀ dé ibí yìí ni aránṣọ gbé kálàmù sílẹ̀. Kọ ọ́, aránṣọ, kọ ọ́ pé o gbé kálàmù sílẹ̀. Ó ní kí n tún ibi ìbọ̀sẹ̀ yẹn sọ. Mo tún un sọ. Ìyá rẹ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń di ojú agbọ̀n tó ya, gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. Ó bi mí pé ṣé ìbọ̀sẹ̀ yẹn ni òun ń fọ̀ pọ̀ mọ́ aṣọ ìbora àwa méjèèjì láti ọjọ́ yìí wá. Dókítà Pọ́ǹpù tó wá ṣe ẹlẹ́rìí rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ẹ̀yìn ha ògiri sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tó rí ẹ̀mí mí, ó ní nǹkan tí wọ́n ń kà nínú àwo pẹlẹbẹ yẹn gan-an ló kún inú ìgbẹ́ adìẹ. Ó ní torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ra iná, torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ní kí omi mọ́, torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ní kí á má bọ́ wọn. Ó ní iná náà kì í rí ọ̀nà nínú omi tó bá ti pọ́n, kí á má tilẹ̀ wá sọ ti ẹni tó ń pa á lọ́sàn-án. Mo ní ta ló bi í? Mo ní ajílẹ̀ ni mo fi sí i, mi ò fi ìgbẹ́ sí i. Ìgbẹ́ ni ìgbẹ́ ń jẹ́, ajílẹ̀ ni ìgbẹ́ tó ti kàwé jáde. Ó ní kòkòrò kò mọ ẹni tó kàwé. Ohùn wa ga díẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ kan nípa bàbá rẹ̀, ó sọ ọ̀kan nípa orí mi, aránṣọ ń bẹ̀ wá pé kí á rọra, pé aṣọ oníbàárà wà nílẹ̀.

Ìyá rẹ ló pa á rẹ́. Kò pariwo. Ó kàn bi mí pé ṣé mo lè fi ìbọ̀sẹ̀ náà rọ̀ sínú ìkòkò omi tí àwa ń mu.

Kọ ọ́ pé mo ṣí fìlà mi. Kọ ọ́ pé mo tún un dé.

Nígbà tí mo máa sọ̀rọ̀, ìbínú náà ló tún jáde. Mo ní kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi? O ní kí n má fún wọn ní nǹkan kan, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n o kò dárúkọ ajílẹ̀. Ìyá rẹ ní ìwọ kò dárúkọ ọṣẹ náà, kí ló dé tí mi ò fi bu ọṣẹ sí i? Ogójì ọdún rèé tí èmi àti obìnrin yìí ti jọ wà, mi ò borí rẹ̀ rí, ẹ̀mí mi ṣì ń wá ọjọ́ tí màá borí rẹ̀.

Aránṣọ wá rọra tẹ̀ sún mọ́ mi, ó ní ọ̀nà kan wà. Ó ní kò pọn dandan kí ìbọ̀sẹ̀ wọ inú lẹ́tà, pé òun lè kọ ọ́ pé pọ́ǹpù ló bàjẹ́. Bí Dókítà Pọ́ǹpù ṣe gbọ́ èyí, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo rò ó, mi ò ní purọ́ fún ọ, mo rò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n bí pọ́ǹpù bá bàjẹ́, ta ló ra pọ́ǹpù? Ìwọ. Orúkọ ta ló wà lórí fọ́ọ̀mù? Ìwọ. Ibi yòówù kí á da omi yìí sí, ẹsẹ̀ rẹ ló máa tutù. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, kò sí nínú òwe náà pé ọmọ rẹ̀ ni kó bá a rù ú.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ọ tí mi ò sọ tán fún ọ rí. O mọ̀ pé oko ni a ti wá. O mọ̀ pé ilẹ̀ náà bọ́ lọ́wọ́ wa, o kò mọ bó ṣe bọ́. Ọkùnrin méjì ló wá ní ọjọ́ ìgbìn, bàtà wọn ń dán, wọ́n mú ìwé àti kànìnkànìn tí wọ́n rẹ sínú tàdáwà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ iye ebè tí bàbá mi kọ, kí wọ́n lè fún un ní irúgbìn. Kò sí ẹni tó ka ìwé náà fún un. Inú rẹ̀ dùn, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó tẹ̀ ẹ́. Kí òjò ọdún kejì tó rọ̀, wọ́n ti fi wáyà yí ilẹ̀ náà ká, àwa sì ti di ará etí omi, níbi tí a kò mọ ẹnikẹ́ni, tí bàbá mi kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá kí òun gbin nǹkan sínú ẹrẹ̀ ni. Títí ó fi kú, bó bá ń fọ ọwọ́, ó máa ń fi òkúta ha àtàǹpàkò yẹn, bí ẹni pé tàdáwà ṣì wà níbẹ̀. Mo búra lórí rẹ̀ pé ìwé kankan kò ní rí tèmi.

Mo sì pa ìbúra náà mọ́. Mò ń ṣọ́ àtàǹpàkò mi bí ẹyin lójú, mo wá jẹ́ kí wọ́n mú ọmọ mi rọ́pò rẹ̀. Ohun tí ìyá rẹ ń wò lójú mi lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Kì í ṣe eruku.

Nítorí náà, kí ọ̀gá alásè gbọ́, kí aláṣọ funfun gbọ́. Etí omi wa, láti ìdí igi tó tẹ̀ dé ibi òkúta pẹlẹbẹ, ni a ti kó gbogbo ìkarahun wa. Ẹsẹ̀ wa kò dé abẹ́ afárá. Èmi ni mo fi ajílẹ̀ adìẹ sínú táǹkì. Èmi ni mò ń pa iná lọ́sàn-án. Ọmọ mi sọ fún mi pé kí n má ṣe é, mo ṣe é, mo sì gbé ìbọ̀sẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tó ń wò. Kò lè mọ̀. Fóònù kì í gbọ́ òórùn. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mú ènìyàn, èmi ni kó wá mú, kó sì tètè wá, nítorí mo ní iṣẹ́ nílẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ja téèpù pupa yẹn, èmi àti Dókítà Pọ́ǹpù máa da gbogbo inú táǹkì nù, a ó fọ ọ́, a ó ṣan páìpù, a ó fa omi tuntun. Ìkarahun tuntun tí a bá kó, ọjọ́ méjì gbáko ni wọn yóò fi gbààwẹ̀, iná kò ní kú lọ́sàn-án tàbí lóru, màá gbé àga mi tì wọ́n, màá máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń la ẹnu, inú á sì máa bí mi. Kí aláṣọ funfun wá mú méjìlá. Kó mú ogún. Kó kà títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n.

Inú ṣì ń bí mi o, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ó ti tán. Ẹni tó pe ọmọ mi ní olè lójú èrò, lójú èrò kan náà ni kó ti bẹ̀ ẹ́. Mo ṣe àṣìṣe, mi ò jalè. Kí wọ́n kọ ìyàtọ̀ méjèèjì sórí pátákó kí wọ́n gbé e kọ́ sí ilé ìdáná wọn.

Mo fi ìbọ̀sẹ̀ náà ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí kí wọ́n lè rí ẹ̀rí. Ìyá rẹ ti wé e ní ọ̀rá mẹ́ta. Má tú u níbi tí wọ́n bá ti ń jẹun. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra òmíràn, nítorí ẹsẹ̀ mi kan wà lọ́wọ́ òtútù, ìyá rẹ sì ní òun kò fọ èyí tó kù. Fi ti gílóòbù kún un, nítorí èyí tí yóò máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru á tètè rẹ̀. Tí owó kò bá sí, fi ti gílóòbù ránṣẹ́, kí o jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi máa mú sùúrù.

Ìyá mi, ọmọ mi. Kí ojú má tì ọ́ mọ́ nítorí tèmi. Ẹnu tó bú ọ, oúnjẹ ọwọ́ rẹ ni kó padà wá jẹ, kó sì dùn mọ́ ọn débi pé kò ní rántí èébú. Omi tó tọ́ ọ dàgbà kò ní gbẹ mọ́ àwọn ọmọ rẹ lẹ́sẹ̀. Ibi tí o bá kọ orúkọ rẹ sí, ire ni wọ́n fi máa pè é.

Kí aránṣọ ka gbogbo rẹ̀ sí mi létí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó tẹ̀ ẹ́. Ẹnikẹ́ni kò kà á fún bàbá mi.

Èmi aránṣọ kà á fún wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní ìgbà kìíní, wọ́n ní ibi ọ̀gá alásè kò le tó. Ní ìgbà kejì, wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà kẹta, wọ́n gbọ́ ọ títí dé òpin. Wọ́n dìde, wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́ wọn, wọ́n nù ún gbẹ, wọ́n jókòó.

Àmì Bàbá: àtàǹpàkò ọ̀tún wọn rèé. Tàdáwà ṣì wà lára rẹ̀ bí mo ṣe ń pa lẹ́tà dé. Wọn kò jẹ́ kí á nù ún.

Ẹlẹ́rìí kìíní: Dókítà Pọ́ǹpù, tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, tó sì ní kí n fi kún un pé kò sí ohun tó ṣe pọ́ǹpù.

Ẹlẹ́rìí kejì: Ìyàwó Bàbá, tó dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, tó ní kí n kọ ọ́ fún ọmọ pé fúnra wọn ni wọ́n na ọwọ́ náà sí tàdáwà.